Ta Ló Kú Tí Ẹ Fi Ń So Mí Mọ́ Àga?

Ziem ọmọ mi,

Mo kí ọ o. Ṣé o jí dáadáa? Ṣé ìyàwó rẹ jí? Ọmọ ńkọ́? Ọ̀gá tí ò ń wa mọ́tò rẹ̀ ńkọ́, ìyàwó ọ̀gá ńkọ́, ajá ọ̀gá tí o ní ó ń sùn sínú yàrá tó ní fáànù ńkọ́? Bí gbogbo wọn bá jí, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Àwa náà jí níbí. Ìyá rẹ jí, orúnkún rẹ̀ ọ̀tún nìkan ni kò bá a jí, òun ni yóò sì mú wa dé ọ̀rọ̀ owó nígbà tó bá yá. Kí Ọlọ́run àti àwọn bàbá ńlá wa jẹ́ kí lẹ́tà yìí bá ọ ní ìdúró, kí ó má bá ọ ní ìdùbúlẹ̀, kí ó má sì bá ọ nínú bọ́ọ̀sì. Ṣe àmín ti bọ́ọ̀sì yẹn lẹ́ẹ̀mejì. Mo mọ̀ pé o ti ra tíkẹ́ẹ̀tì tí o fẹ́ fi wálé Kérésì, ìyá rẹ ti sọ ọ́ fún gbogbo àdúgbò títí kan àwọn tí a kì í kí. Ó dára. Ṣùgbọ́n má gbé ẹsẹ̀ sínú ọkọ̀ kankan kí o tó ka ìwé yìí dé ìsàlẹ̀ níbi tí mo kọ orúkọ mi sí. Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo sọ nígbà kan, mo fẹ́ gbà á padà lọ́wọ́ rẹ.

Èmi fúnra mi ni mo kọ ọ́. Katikíìsì ní kí n jẹ́ kí òun bá mi tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù, pé á dé Àkrá kí n tó pajú dé. Mo ní ọ̀rọ̀ tó bá yára rìn bẹ́ẹ̀ kò ní sinmi lọ́nà, á ti rẹ̀ ẹ́ kó tó débẹ̀, kò ní lè sọ ara rẹ̀ dáadáa. Má rò pé fóònù tí o rà fún mi ti bàjẹ́ o. Ó wà. Mo gbé e kọ́ sórí igi òrí ẹ̀yìnkùlé, torí ẹni tó bá wa tún un ṣe ní ibi tó ga ló ti ń gbọ́ Àkrá dáadáa. Nígbà tí o bá pè, gbogbo wa la máa ń gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n kí n tó gùn ún dé ẹ̀ka kejì, ìwọ ti pa á. Máa ní sùúrù, ọmọ mi, mo ti kọjá ẹni tí ń sáré gun igi. Ní ti nọ́ńbà mẹ́rin tí wọ́n fi ń gba owó inú fóònù, wọ́n ní n kò gbọdọ̀ sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, n kò sì sọ ọ́. Fáda nìkan ni mo sọ ọ́ fún níbi ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀, torí ohun tí a bá sọ fún un níbẹ̀, bí wọ́n fi ọ̀bẹ sí i lọ́rùn kò lè sọ ọ́. Bí mo bá wá gbàgbé rẹ̀, màá lọ dá ẹ̀ṣẹ̀ kékeré kan, màá lọ jẹ́wọ́, á rán mi létí.

Ọkà bàbà ti wọlé, ó dára ju ti èṣí lọ. Ewúrẹ́ pupa bí mẹ́ta, ọ̀kan nínú wọn jọ Katikíìsì, mo sì ti sọ ọ́ lójú rẹ̀. Òrùlé yàrá tí o máa sùn kò jò mọ́, mo ti fi nǹkan dí i, má bèèrè ohun tí mo fi dí i.

Atipoka kí ọ. Ó ṣì ń ta awó lábẹ́ igi dongoyárò ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì, ó ṣì ń pe ara rẹ̀ ní olówó mi, èmi náà ṣì ń pè é ní ẹrú mi. O mọ bí ọ̀rọ̀ àwa Dagaaba àti àwọn Frafra ṣe rí láti ìgbà tí àwọn bàbá wa ti jà nítorí orí ajá kan ṣoṣo: wọ́n á bú wa, a ó bú wọn, ẹni tó bá bínú ló jẹ̀bi. Láàárọ̀ àná ló dúró sáàárín ọ̀nà tó ní irùngbọ̀n mi dà bí ìdí awó tí ìyẹ́ rẹ̀ ń re. Mo ní tèmi sàn, tirẹ̀ tí ó ń fá ní kùtùkùtù kí ọkọ rẹ̀ tó jí ńkọ́? Ó ní ẹ gbọ́ ẹnu ẹrú bí ó ṣe ń rùn. Inú wa dùn, a yà sílé olótìí, a mu pito igbá méjì méjì, èmi ni mo sanwó torí ó ní ẹrú ló ń sanwó. Ṣùgbọ́n kí n má parọ́ fún ọmọ mi. Fún ọdún méjì gbáko títí di oṣù tó kọjá, ẹnu lásán ni mo fi ń bá obìnrin yìí ṣeré. Inú mi kò mọ́ sí i rárá. Mo ń bọ̀ níbẹ̀.

Ṣé o rántí ọdún tí Dakura gbé bọ́ọ̀sì rẹ̀ dé, èyí tí wọ́n kọ “Ọlọ́run Ló Ń Wà Á” sí lẹ́yìn, tí Dakura fúnra rẹ̀ wá ń fi ọwọ́ kan wà á torí ó ti ní olùrànlọ́wọ́? Bẹ́líìtì wà lára gbogbo àga nígbà náà. Èmi ni mo kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ lọ sọ́jà ìlú Wa, Dakura sì ní kí n so ara mi. Mo wo okùn náà. Ó gba èjìká, ó gba àyà, ó dé ìbàdí, bí a ṣe ń fi awọ màlúù so bàbá tí ọmọ rẹ̀ kú gan-an, kó má baà sá wọ igbó tàbí kó forí sọ ògiri. Mo ní Dakura, ta ló kú? Bọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín. Mo ní ta ló kú tí ẹ fi ń so mí mọ́ àga? Bọ́ọ̀sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ya. Ọ̀rọ̀ náà dùn lẹ́nu mi débi pé mo gbé e lọ sí ilé olótìí, mo gbé e lọ síbi ìsìnkú, mo tún un sọ níwájú Bíṣọ́ọ̀bù. Gbogbo ìlú gbà á. Ọmọ ọdún mẹ́ta ń wọ bọ́ọ̀sì, ó ń bèèrè ta ló kú. Nígbà tí Dakura rí i pé ẹnikẹ́ni kò lo bẹ́líìtì, ó gé wọn kúrò, ó ń fi wọ́n so ewúrẹ́ àti igi ìdáná mọ́ orí ọkọ̀. Ewúrẹ́ ìlú wa wọ bẹ́líìtì kí èèyàn ìlú wa tó wọ̀ ọ́. Méjì péré ló kù, ti iwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ dírẹ́bà. Atipoka nìkan ló ń so ti ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, mo sì sọ fún gbogbo èèyàn pé ojo ni àwọn Frafra láti ilẹ̀ wọn wá.

Ibẹ̀ ni Dery ẹ̀gbọ́n rẹ jókòó sí lọ́jọ́ náà, láàárín Dakura àti Atipoka. Bọ́ọ̀sì sá fún màlúù, ó forí gbá igi. Atipoka sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú ìhà tó ń dùn ún àti awó kan tó kú. Dery gba inú gíláàsì iwájú jáde. Ìwọ náà mọ̀ ọ́n, ìwọ lo gbé ẹsẹ̀ òkú. Dery ni a sọ ọ́ torí ó ti kú lẹ́ẹ̀kan rí kó tó padà wá sínú ìyá rẹ, mo sì máa ń sọ pé ẹni tó ti mọ ọ̀nà padà wá, kí ni yóò ṣe é? Wọ́n fi awọ màlúù so mí. Atipoka, pẹ̀lú ìhà rẹ̀ tó ń dùn ún, ló di ìdí okùn náà mú fún ọjọ́ mẹ́ta, nígbà tí mo ń fà síhìn-ín tí mo ń fà sọ́hùn-ún. Lẹ́yìn náà ló mú okùn náà àti fìlà Dery lọ sílé, ó ní èrè òun ni. Láti ọjọ́ yẹn ni èrò kan ti wọ inú mi: obìnrin yìí ló ń so okùn ọ̀fọ̀ káàkiri nígbà tí ẹnikẹ́ni kò kú. Òun ló fi pe ikú wọnú ọkọ̀. N kò lè bínú sí i, torí àṣà kò gbà á. N kò lè bi í léèrè. Mo ń bú u, mo ń rẹ́rìn-ín, mo ń lọ sílé, inú mi á dì bí tùwó àná.

Ní oṣù kọkànlá, Fáda kéde pé ọjọ́ Àìkú kẹta inú oṣù ni gbogbo ayé fi ń rántí àwọn tí ọkọ̀ pa. Mo bi í léèrè pé gbogbo ayé, ṣé Àmẹ́ríkà náà? Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó yà mí lẹ́nu pé Àmẹ́ríkà gbọ́ nípa Dery. Mo wọ ẹ̀wù fúgù mi tó dára jù lọ kí wọ́n má baà wò wá bí aláìníláárí.

Ìjọba rán ọmọbìnrin kan wá láti Wa, ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ni, ó mọ́ tónítóní, bàtà rẹ̀ ń dán bí orí Katikíìsì. Ó kọ́kọ́ pín fọ́ọ̀mù. Ibì kan wà níbẹ̀ tó ní kí n kọ orúkọ ẹni tí wọ́n máa pè bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ sí mi lójú ọ̀nà. Mo kọ ọ́ pé kí wọ́n má pe ẹnikẹ́ni, kí wọ́n ṣáà rí i pé nǹkan kò ṣẹlẹ̀. Ọmọbìnrin náà ní bàbá, wọ́n fẹ́ orúkọ. Mo wá kọ Atipoka, torí bí ó bá pariwo lójú ọ̀nà Wa, ìyá rẹ á gbọ́ ọ nílé, a ò ní nílò fóònù. Ibi tí wọ́n ti bèèrè iṣẹ́ mi, mo kọ “bàbá Ziem”. Ó wò ó, ó ní ó dára bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn náà ló ní kí gbogbo wa dìde, kí a dákẹ́ fún ìṣẹ́jú kan láti fi rántí àwọn òkú. Ziem, a wo ara wa. A kò mọ̀ pé wọ́n ń fi ìdákẹ́jẹ́ẹ́ rántí òkú. Bí òkú bá yọjú tó bá ibi gbogbo ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́, kò ní rò pé ẹnikẹ́ni kò wá ni? Àwọn tó ń lu jíìlì, ìlù onígi wa, ti di igi ìlù wọn mú, ọwọ́ ń yún wọn. Ṣùgbọ́n àlejò ni, a dákẹ́ fún un. A ò tíì dákẹ́ dé ìdajì tí Atipoka fi jáde láti ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ó dé fìlà Dery.

Fìlà yẹn gan-an, èyí tí etí rẹ̀ kan ti já. Ó ń rin ìrìn Dery, orúnkún lọ́tùn-ún, orúnkún lósì, bí ẹni tó gbé ìkòkò sáàárín itan. Ó lọ bá olótìí, ó ní kó fún òun ní pito, òun máa sanwó lọ́la, bí Dery ṣe ń sọ ọ́ láti ìgbà tó ti ní eyín. Ó bá àwọn omidan sọ̀rọ̀ bí Dery ṣe ń bá wọn sọ̀rọ̀, èyí tí n kò lè kọ síwájú ìyá rẹ. Àwọn onílù bẹ̀rẹ̀ sí í lù, ìyá rẹ ń rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, ó ń pariwo pé ọmọ mi dé, ẹ wo ẹsẹ̀ játijàti tó jogún lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀. Ọmọbìnrin ìjọba kò mọ̀ pé àṣà ni kí Frafra fi eré ṣe òkú wa, ó rò pé wèrè ni, ó ń wá Fáda kó lé e. Fáda ti fi apá ẹ̀wù bojú, èjìká rẹ̀ ń mì. Ta ni kò mọ̀ pé ọmọ Dagaaba ni kó tó di Fáda? Inú mi dùn, Ziem. Ọdún méjì ni n kò ti rí ọmọ mi, mo sì rí i lọ́jọ́ yẹn.

Atipoka wá gbé àga mẹ́ta sáàárín agbo. Ó ní bọ́ọ̀sì Dakura rèé, àga kìíní ti Dakura, ìkejì ti Dery, ìkẹta ti òun. Nígbà tó bá dé fìlà, ó di Dery. Nígbà tó bá ṣí i, ó di ara rẹ̀. Ó ṣí fìlà, ó jókòó sórí àga tirẹ̀, ó fi gèlè so ara rẹ̀ mọ́ ọn. Ó nawọ́ sí àga kejì, ó ní Dery, okùn tìrẹ nìyẹn, so ó. Ó dé fìlà, ó fò bọ́ sórí àga Dery, ó na àyà jáde, ó sì fi ohùn Dery gan-an sọ pé ìyá, bàbá mi ní ta ló kú tí ẹ fi ń so mí mọ́ àga?

Gbogbo agbo bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà bú sẹ́rìn-ín, mo tilẹ̀ lu itan. Ẹ̀rín ṣì wà lẹ́nu mi nígbà tí mo gbọ́ ohun tí mò ń rín. Bàbá mi ní. Ọmọ mi ń lọ sọ́jà, wọ́n nawọ́ okùn sí i, ó fi ọ̀rọ̀ mi dá a padà. Mo wo ìyá rẹ, òun náà ti gbọ́ ọ. Àwọn onílù dáwọ́ dúró. Ìṣẹ́jú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tí ọmọbìnrin ìjọba ń bẹ̀ wá fún láàárọ̀, ìgbà yẹn ló tó rí i gbà.

Mo sunkún, ọmọ mi, n kò fi pa mọ́. Ojú tì mí, ó sì dùn mí dé egungun. Atipoka wá jókòó sílẹ̀ níwájú mi, ó ní ẹrú mi, ọdún méjì ni mo fi gbé e, ọ̀rọ̀ náà kò ṣe é fẹkún sọ fún ọ, mo ń dúró de ọjọ́ tí n óò lè fi eré sọ ọ́. Èmi náà jẹ́wọ́. Mo ní èmi náà ti gbé nǹkan kan sínú, pé ìwọ tí ò ń so okùn ọ̀fọ̀ láìsí òkú lo pe ikú bá ọmọ mi. Ó bọ́ fìlà, ó fi lù mí lórí. Ó ní ẹ wo ọpọlọ, ti awó sàn jù ú. Ó ní lọ́jọ́ tí mo di okùn rẹ mú, ṣé ìwọ lo kú? Mo ní rárá. Ó ní ṣé o fẹ́ sá tẹ̀ lé òkú tàbí o kò fẹ́? Mo ní mo fẹ́. Ó ní kí ló dá ọ dúró? Mo ní okùn ni. Ó ní ìyẹn ni pé kì í ṣe òkú ni wọ́n ń so okùn fún, ẹni tí wọn kò fẹ́ kó lọ ni.

Mo dìde dúró. Mo ní gbogbo ìlú, ẹ gbọ́, èmi Dapila, èmi ni mo sọ ọ̀rọ̀ yẹn, mo gbà á padà. A mọ okùn so, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ìgbà tí ọmọ ti lọ la máa ń so ó, bàbá rẹ̀ la sì ń so. Láti òní, kí a so ọmọ. Ìyá rẹ ní òótọ́ ni. Ó fi ariwo ńlá sọ ọ́, àwọn obìnrin gbà á lẹ́nu rẹ̀, jíìlì tún bẹ̀rẹ̀, ijó tí a jó lẹ́yìn náà kò ṣe é kọ sínú lẹ́tà. Ọmọbìnrin ìjọba bọ́ bàtà dídán, ó jó. A ka orúkọ gbogbo àwọn tí ọ̀nà yẹn ti pa láti ìgbà tí wọ́n ti da ọ̀dà sí i, mọ́kànlá ni wọ́n, a jó fún ẹnì kọ̀ọ̀kan.

Dakura ti ń yọ́ lọ. Ó dé ìdí bọ́ọ̀sì, kò rí kọ́kọ́rọ́. Atipoka ló jókòó lé e. Ó ní òun kò ní fún un àfi kó dá gbogbo bẹ́líìtì padà sára àga, kó sì mú orí ajá kan tẹ̀ lé e. Dakura fẹ́ bínú, ṣùgbọ́n ọmọ Dagaaba ni òun náà, gbogbo wa sì yí i ká, à ń dúró kó bínú kí a lè dá a lẹ́bi. Ó rẹ́rìn-ín bí ẹni tí eyín ń dùn. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni bọ́ọ̀sì fi dúró lábẹ́ dongoyárò tí awó ń yàgbẹ́ sórí “Ọlọ́run Ló Ń Wà Á”. Ní ọjọ́ kẹjọ, Dakura padà dé láti Wa pẹ̀lú bẹ́líìtì tuntun àti ẹni tó máa dè é mọ́lẹ̀ àti orí ajá nínú páálí. Atipoka ká ẹ̀rẹ̀kẹ́ ajá náà sókè, ó ka eyín rẹ̀, ó ní ó ti darúgbó, ṣùgbọ́n òun gbà á. Ọmọbìnrin ìjọba ní irú ọ̀nà yìí kò sí nínú ìwé tí wọ́n fi kọ́ òun, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Wá gbọ́ bí a ṣe lọ sọ́jà lọ́jọ́ kìíní. Atipoka fúnra rẹ̀ ló so wá lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń fa okùn ẹni tó sanra bí ẹni ń di ẹrù igi. Mo wá rán wọn létí pé ẹni tí a so kì í dá wà, ẹnìkan gbọ́dọ̀ di okùn rẹ̀ mú. Ni oníkálukú bá di okùn ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mú, gbogbo bọ́ọ̀sì so pọ̀, kò sí ọwọ́ tí a lè fi gbá eṣinṣin. Dakura ń wakọ̀ jẹ́jẹ́, torí nígbàkígbà tó bá sáré, gbogbo wa la jọ ń pariwo pé Dakura, okùn ń fà. A dé Wa láyọ̀. Dakura ní ẹ sọ̀kalẹ̀. Kò sẹ́ni tó mira. Ó ní ẹ tẹ pupa yẹn, á tú. Mo ní Dakura, ṣé nílé yín, ẹni tí a so ló ń tú ara rẹ̀? Ẹni tó so èèyàn ló ń tú u. Ẹ lọ pe Atipoka. Atipoka sì ti lọ ta awó ní òdì kejì ọjà.

A jókòó síbẹ̀ títí oòrùn fi dé àtàrí. Ọlọ́pàá kan yọjú lójú fèrèsé, ó bi wá pé kí ló ṣe yín. A ní à ń dúró de ẹni tó so wá. Ó wò wá, ó wo bí a ṣe di ara wa mú, ó lọ pe ọlọ́pàá kejì wá wòran. Obìnrin kan ṣàánú wa, ó fún wa ní kúlíkúlí, a gbà á, torí ẹni tí a so kì í kọ oúnjẹ. Nígbà tí Atipoka padà dé, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi dìrọ̀ mọ́ ilẹ̀kùn. Ó ní gbogbo Dagaaba rèé nínú páálí kan, ta ló fẹ́ ra? Ó tú wa lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń gba owó kékeré lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ọjà ti tú. A ò ra nǹkan kan, a ò tà, a padà sílé, n kò sì rí ọjọ́ ọjà tó dùn tó bẹ́ẹ̀ rí.

Láti ìgbà náà, gbogbo ibi ni mo ti ń so ara mi. Mo so ara mi mọ́ bẹ́ǹṣì ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo sùn nínú ìwàásù, n kò ṣubú. Ìyá rẹ ní kí n má so ara mi mọ́ ilé ìgbẹ́ mọ́, torí òun kò fẹ́ wá tú mi níbẹ̀.

Ziem, ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyí. Ní Kérésì tó kọjá, nígbà tí mo sìn ọ́ dé ìdí ọkọ̀, ìyàwó rẹ fẹ́ so bẹ́líìtì, o fi ọwọ́ tọ́ ọ, o ní ta ló kú? O wo ojú mi bí o ṣe ń sọ ọ́, kí n lè rẹ́rìn-ín. Mo sì rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n rẹ ti wà nílẹ̀ nígbà náà, mo ṣì rẹ́rìn-ín. Mo ń ta jí nítorí rẹ̀ báyìí. Ò ń wa mọ́tò ọ̀gá lójoojúmọ́, ọ̀nà Àkrá sí ibi yìí sì gùn ju ti Wa lọ. Ọmọ méjì ni mo bí lọ́kùnrin. Ọ̀rọ̀ mi ti mú ọ̀kan lọ. Jọ̀wọ́, dá ọ̀rọ̀ náà padà fún mi, má fi sílẹ̀ sí ẹnu rẹ, má jẹ́ kí ọmọ rẹ kọ́ ọ.

Okùn tí o rí nínú páálí tí mo fi ránṣẹ́ pẹ̀lú lẹ́tà yìí, má bẹ̀rù rẹ̀. Awọ màlúù tí wọ́n fi so mí fún Dery ni. Atipoka dá a padà fún mi, mo gé e sí méjì, ìdajì kan wà lọ́rùn mi bí mo ṣe ń kọ̀wé, ìdajì kejì ni tìrẹ. Bí o bá wọ bọ́ọ̀sì Kérésì, so bẹ́líìtì wọn, so ìyàwó rẹ, so ọmọ, kí o wá fi awọ yìí kọ́ ọwọ́ rẹ. Bí ìtọ̀ bá ń gbọ̀n ọ́ lójú ọ̀nà, mo yọ̀ǹda kí o tú u, ṣùgbọ́n kí o tún un so. Bí dírẹ́bà bá ń sáré, ẹ pariwo pé okùn ń fà. Bí wọ́n bá fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́, sọ fún wọn pé bàbá rẹ ló so ọ́.

Ní ti owó: orúnkún ìyá rẹ fẹ́ ìpara tí wọ́n ń tà ní Wa, ọgọ́ta sídì ni. Kí o fi díẹ̀ kún un fún ajá, torí Atipoka ní èmi náà gbọ́dọ̀ fún òun ní orí kan nítorí èrò burúkú tí mo rò sí i, ó sì tọ́ sí i. Tí o bá fẹ́ fi ránṣẹ́ sínú fóònù, kọ́kọ́ sọ fún Fáda.

Kí Ọlọ́run tó dá ọ̀nà jẹ́ kí ọ̀nà mọ orúkọ rẹ. Kí ọwọ́ rẹ máa le lórí wíìlì, kí ẹsẹ̀ rẹ máa fúyẹ́. Kí ìyá rẹ má rìn lọ pàdé rẹ pẹ̀lú ẹkún. Nígbà tí ọkọ̀ rẹ bá dé abẹ́ igi dongoyárò, má tẹ pupa yẹn, má sì jẹ́ kí ẹlòmíì tẹ̀ ẹ́ fún ọ. Jókòó síbẹ̀. Láti òwúrọ̀ ni n óò ti wà níbẹ̀. Èmi ni mo so ọ́, èmi ni n óò tú ọ.

Bàbá rẹ,
Dapila